Kúẹ́rì Tí N Kò Tíì Fèsì Sí

Kúẹ́rì kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò tíì fèsì sí. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fún mi. Ó ti di ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ báyìí. Ìyàwó mi ló kọ ọ́, ó sì ti kú.

Fún ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí, kúẹ́rì ni ìwé tí ọ̀gá máa ń kọ sí òṣìṣẹ́ tó bá ṣẹ̀. Wọ́n á dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, wọ́n á ní kó ṣàlàyé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ìdí tí wọn kò fi ní fìyà jẹ ẹ́. Ní Sango-Ọ̀tà níbí, tí ilé iṣẹ́ ti pọ̀ ju igi lọ, ilé tí kúẹ́rì kò wọ̀ rí kò pọ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó gba méjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan nítorí pé ó pẹ́ dé, èkejì nítorí pé ó sùn lọ níbi tó ti ń fèsì sí ti àkọ́kọ́.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń yẹ ọjà wò. Iṣẹ́ mi ni láti wo ọṣẹ kí n sì sọ pé kò tíì jẹ́ ọṣẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń torí ẹ̀ fẹ́ràn èèyàn. Ojú mi náà kò ràn mí lọ́wọ́, nítorí n kì í sábà rẹ́rìn-ín. Inú kì í bí mi o, bí wọ́n ṣe dá ojú náà nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n bí mi, agbẹ̀bí gbé mi sókè, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, sà."

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì láìní ìyàwó. Àkókò náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù lójú ọ̀nà Ìdíròkò bí olú. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kógbá sílé, kò ní pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì kan á fi gba ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí táyà ni tiwa jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí oòrùn bá mú, òórùn rọ́bà máa ń bá àdúrà gòkè.

Nínú ẹgbẹ́ àwọn tí kò tíì ṣègbéyàwó, wọ́n kọ́ wa pé kí kálukú kọ irú ẹni tó ń fẹ́ sínú ìwé, kó máa gbàdúrà lé e lórí. Mo kọ tèmi. Onígbàgbọ́ tòótọ́, ẹni tó kàwé, tó lè dáná, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AA, tí kò ga jù mí lọ. Mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nítorí AS ni èmi. Bí mo ṣe ń kọ̀wé sí àwọn tó ń kó sódà wá fún ilé iṣẹ́ wa náà ni mo ṣe kọ ọ́: ohun tí a fẹ́, bó ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó, èyí tí a máa dá padà. N kò kọ eré sí ibì kankan nínú rẹ̀. Kò sí àgbàlagbà tí mo mọ̀ tó ń kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún eré.

Àdúrà náà gbà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi sístà kan hàn mí tó bá gbogbo ohun tí mo kọ mu, títí kan gíga. A lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan nítòsí afárá Sango. Ó bi mí ní ohun tí Ọlọ́run rán mi wá ṣe láyé. Mo sọ fún un. Mo bi òun náà. Ó sọ fún mi. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo fẹ́. Mo ní mẹ́ta. Ó ní mẹ́ta ni òun náà ní lọ́kàn. Bí a ṣe parí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ní nìyẹn, ìrẹsì sì ṣì kù nínú àwo. A jẹ ẹ́ tán bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Èèyàn dáadáa ni. Ó fẹ́ awọnlẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo sì gbọ́ pé wọ́n wà ní àlàáfíà.

Ẹni tí mo fẹ́, ọmọ Alápòtí ni. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti tẹ kúẹ́rì tí àwọn ọ̀gá bá ní kí wọ́n kọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ́ṣà ni àwa méjèèjì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ́ṣà. Òun ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kejì pẹ̀lú mi, tí a ó máa júwe àga fún àwọn tó pẹ́ dé. Fún nǹkan bí ọdún kan, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa kò ju "Ẹ káàárọ̀, Brọ́dà" àti "Káàárọ̀, Sístà" lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹni tó ń kéde lórí pẹpẹ ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó dí ẹnu géètì wá gbé e kúrò. Ó kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn rẹ̀ ń le sí i, ó ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun ló ni ọkọ̀. Mo rò pé ẹnì kankan kò rí mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, sístà yìí na àpò ìwé kan sí mi. "Brọ́dà, wọ́n ní kí n fún yín." Ó kúrò níbẹ̀ kí n tó béèrè ẹni tó ní kó fún mi. Mo rò pé kúẹ́rì ni, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń kọ ọ́ sí òṣìṣẹ́ lóòótọ́. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, mo ṣí i.

"Ọ̀rọ̀ ìwà tí kò bá ipò rẹ mu," ìwé náà wí. "A ti ṣàkíyèsí pé ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́nu ọ̀nà kejì, ní àkókò ìkéde, o rẹ́rìn-ín. Ìwà yìí ṣàjèjì sí ọ, ó sì lè kó ìdààmú bá àwọn ọmọ ìjọ tó ti mọ̀ ọ́ bí o ṣe wà. Jọ̀wọ́ ṣàlàyé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ìdí tí a kò fi ní bá ọ wí." Ó fi ìdérí ìgò tàdáwà tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́nu, "ẹ" ló máa ń fi pè mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ẹ̀kọ́. Nínú ìwé, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá, ó ń pè mí ní ìwọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí yàrá ìdánwò ní ilé iṣẹ́, ọṣẹ ń dúró dè mí, mo kọ èsì. Mo ní mo gba ìwé wọn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Mo ní mo ti wádìí ara mi dáadáa, òtítọ́ sì ni pé ètè mi yẹ̀ díẹ̀, eyín méjì hàn, apá òsì. Mo ní lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ wa, eyín méjì kò tíì tó ẹ̀rín. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́rin. Mo bẹ̀bẹ̀ fún àánú, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Alága, Ẹgbẹ́ Àwọn Tí Kì Í Rẹ́rìn-ín, Ẹ̀ka Ọ̀tà. Mo gbé e lọ bá a ní yunifásítì wọn, mo wo aago kí n tó fún un. Ó ku wákàtí kan kí àkókò pé.

Èsì rẹ̀ kúrú. "A ti gba àlàyé rẹ. A kò gbà á gbọ́." Òǹtẹ̀ ìdérí ìgò tún wà nísàlẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fún oṣù mẹ́jọ, ó fi kúẹ́rì mú mi nítorí bàtà tó ń dún, nítorí pé mo gbé agboòrùn wá ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, nítorí pé mo kọrin kan ní ohùn tí akọrin kò fọwọ́ sí. Mo fèsì sí gbogbo rẹ̀ láàárín àkókò. Mo máa ń ròyìn ọṣẹ nílé iṣẹ́ pẹ̀lú ìlà mẹ́ta. Sístà yìí ni mo ń kọ ojú ìwé méjì sí.

Mo ti rò ó láti ìgbà náà pé kí ló mú mi nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi tí mo ní ìwé tí mo fi ń gbàdúrà. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá máa fi ọ́ ṣeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ọ́. Nínú ìjọ tó tó ẹgbẹ̀ta èèyàn, òun nìkan ló rí eyín méjì. Ohun mìíràn ni pé nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi máa ń ní kí a wo ajá méjì tó bá ń ṣeré. Wọ́n máa ń fi ẹnu gbá ara wọn lọ́rùn mú, ibi tí ọ̀kan ti lè pa èkejì, wọn kì í sì í pa eyín dé. Ẹ̀sùn tí sístà yìí ń fi kàn mí, ibi tó ti lè dùn mí ló máa ń fọwọ́ kàn, ojú mi, ọdún mi, ìdáwà mi. Kò pa eyín dé rí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo mọ̀ pé n kò ní bẹ̀rù láti ṣàìsàn níwájú rẹ̀, tàbí láti di arúgbó. N kò mọ̀ ọ́n nínú àdúrà. Kúẹ́rì ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo bi í pé ṣé á fẹ́ mi. Ó ní kí n kọ ọ́ wá. Mo kọ ọ́. Ó ní a ti gbà á, ó wà lábẹ́ àyẹ̀wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nínú ìjọ wa, bí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹ́ fẹ́ra, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ bá ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Kálukú á gba fọ́ọ̀mù, wọ́n á lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á mú lẹ́tà àwọn òbí wá, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé fún ìgbìmọ̀. Bí ìgbìmọ̀ kò bá fọwọ́ sí i, pásítọ̀ kò ní so wọ́n pọ̀. Bàbá sístà yìí sì ti sọ pé bí pásítọ̀ kò bá so wá pọ̀, òun kò ní fa ọmọ òun lé ọkùnrin kankan lọ́wọ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n kó ìwé àwa méjèèjì lọ. Irú àpò ìwé kan náà ni mo ń lò fún gbogbo nǹkan, ti ilé iṣẹ́ wa. Inú ọ̀kan ni fọ́ọ̀mù wa wà. Inú èkejì ni mo tọ́jú gbogbo kúẹ́rì àti èsì wọn sí, pẹ̀lú nọ́ńbà, nítorí bí mo ṣe ń tọ́jú ìwé ọṣẹ nìyẹn. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn báyìí, n kò fún ọ̀gá kankan ní ìwé ọṣẹ tí kò yẹ rí. Àpò tí kò yẹ ni mo fún ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó.

Wọ́n ránṣẹ́ pè wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹnì kejì tó máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni màmá díákónẹ́ẹ̀sì kan, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn mẹ́ta yòókù ń kọ nǹkan sílẹ̀. Kúẹ́rì wa wà lórí tábìlì níwájú alága, ó ti fi òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

"Brọ́dà," alága wí, "a ka ìwé yín. A gbàdúrà ká tó kà á, a tún gbàdúrà lẹ́yìn tí a kà á tán. Nọ́ńbà kọkànlá. Wọ́n ní ẹ gba dòdò lọ́wọ́ sístà kan ní ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ́ṣà, ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ sì lá ìka. Wọ́n ní nígbà tí sístà yìí fúnra rẹ̀ fún yín ní dòdò lóṣù tó ṣáájú, ẹ ò lá ìka kankan. Ta ni sístà tó fún yín ní dòdò?"

 Mo ń wo òkúta náà.

"Brọ́dà, ẹ má fi nǹkan pa mọ́ fún ìgbìmọ̀. Ta ni?"

"Èmi ni," màmá díákónẹ́ẹ̀sì wí.

Àwọn mẹ́ta tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀yin, Màmá?"

"Dòdò ṣẹ́kù lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ebi ń pa á. Mi ò mọ̀ pé ó dé ọ́fíìsì."

Alága yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Ó yíjú sí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, tó kúnlẹ̀ láti ìgbà tí a ti wọlé. "Sístà, ẹ̀yin ẹ ń fún ọkọ lọ́la ní kúẹ́rì. Ẹ ń pè é ní 'ìwọ'. Tí ẹ bá wọlé rẹ̀ tán ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní fún un ní ìwé lọ-gbélé-ẹ?"

"Ó dọwọ́ ìwà tó bá hù, sà," ó wí, ó sì forí balẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ!"

"Eré ni, sà," mo wí.

"Eré?" Alága tẹjú mọ́ mi. Èmi náà tẹjú mọ́ ọn. Mo mọ bí ojú mi ṣe ń rí, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tó jọ eré lára rẹ̀. "Brọ́dà, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́rìndínlógójì, sà."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Sístà?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, sà."

"Ẹ sì ń ṣeré."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," àwa méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ilé ìwé.

Wọ́n dá ọ̀rọ̀ wa sí oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní kí a lo àkókò náà láti fi wá ìfarabalẹ̀. Wọ́n ní kí kúẹ́rì dúró. Kúẹ́rì dúró lóòótọ́, nítorí àwa méjèèjì ń bẹ̀rù ìgbìmọ̀. Ní oṣù mẹ́ta yẹn, a bá ara wa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ní kí a máa bá ara wa sọ̀rọ̀, nípa ìran àti ìpè àti ọjọ́ iwájú. Mo rántí ìrẹsì tó kù nínú àwo. Ní ìparí oṣù kejì, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà kejì, ó ní, "Brọ́dà, mi ò mọ̀ yín mọ́ o." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ ìgbìmọ̀ lọ.

Màmá díákónẹ́ẹ̀sì ló gbà wá. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìloro lọ́jọ́ kan. "Ọmọ mi, bàbá àwọn ọmọ mi jẹ́ èèyàn pẹ̀lẹ́. A jọ gbé fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kó tó kú. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. Títí wọ́n fi gbé e lọ, mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ràn mi tàbí ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi. Mo ti sọ fún alága. Mo ní tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, èmi á kúrò nínú ìgbìmọ̀, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ìjọ, màá bẹ̀rẹ̀ láti orí dòdò."

Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ náà. Alága dá àpò ìwé mi padà fún mi. Nígbà tí mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà kẹsàn-án, èyí tó dá lórí bàtà tó ń dún, kò sí níbẹ̀. N kò béèrè. Ọdún méje lẹ́yìn náà, nígbà tí alága kú tí a lọ kí ìyàwó rẹ̀, ó fà wá wọ yàrá, ó sì mú ìwé méjì jáde. Ọ̀kan ni nọ́ńbà kẹsàn-án. Èkejì, ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i, ó fi ti wa wò ó, lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. "Ọ̀kan ṣoṣo yìí ló kọ," ìyá náà wí. "Mo ti ń retí èkejì láti ìgbà yẹn."

Ìtẹ̀lé ni a ń gbé, ilé oníyàrá mẹ́ta tí omi òjò máa ń yí ká lọ́dọọdún. Ọmọ kan ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin. Ọdún mọ́kàndínlógún ni a lò. N kò ní sọ pé a kò jà. Lẹ́ẹ̀kan, mo ti gbà fún àbúrò mi pé kó wá máa bá wa gbé kí n tó bi ìyàwó mi léèrè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi kọ kúẹ́rì kankan. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń dá mi lóhùn, ó ń pè mí ní Dádì. Mo mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé àwo ẹ̀bà mi, mo rí ìwé lábẹ́ rẹ̀, ìlà méjìlá, ẹ̀sùn mẹ́rin, òǹtẹ̀ ìdérí ìgò. N kò tíì rí ìwé tí ara fi tù mí tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi lọ gba yàrá sí Àtàn.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Àrùn jẹjẹrẹ ni, wọn kò tètè rí i.

Mo di èèyàn mìíràn. Mo ya tábìlì sórí ìwé, àkókò oògùn, àkókò omi, ẹni tó wá kí wa àti ohun tó mú wá. Àwọn ará ìjọ ní kí a má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ wọ yàrá náà, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìkan. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Mo ń rọ ohùn mi sílẹ̀. Mo ń bi í pé, "Ṣé ara dẹ̀ ọ́ díẹ̀?" bí mo ṣe gbọ́ tí àwọn àlejò ń béèrè. Ní ọjọ́ kan, ó ní, "Dókítà ní kí n máa mu omi, kí n máa mu omi. Ṣé ó fẹ́ gbẹ́ mi ní kànga ni?" Mo ní kó má ṣe fi ọ̀rọ̀ rẹ ara rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday kan ní ọsibítù, ó na ìwé kan sí mi. Ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi ra oògùn ni. Lẹ́tà rẹ̀ ti ń wọ́.

"A ti ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí ara mi kò ti yá, o kò bá mi ṣeré mọ́. O ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Èmi kò tíì kú. Ṣàlàyé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ìdí tí a kò fi ní gba ipò ọkọ lọ́wọ́ rẹ."

Kò sí òǹtẹ̀. Ìdérí ìgò wà nílé.

Mo ká a, mo fi sápò ẹ̀wù mi. Mo sọ fún ara mi pé tí ara rẹ̀ bá yá, màá fèsì. Ní òwúrọ̀ Wednesday, mo wo aago nígbà tí wákàtí mẹ́rìnlélógún pé, nítorí bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó la ojú. Ó wo ojú mi, ó wo àpò ẹ̀wù mi. Mo mọ ohun tó ń béèrè. Mo ní, "Sinmi." Kò tún sọ̀rọ̀ tó ṣe é gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó kú ní Thursday, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Mo fi ìwé náà sínú àpò pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo fún un ní nọ́ńbà.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ wa wá sílé láti ilé ìwé. Ó ní ọkùnrin kan ń bá òun sọ̀rọ̀ ìfẹ́. "Dádì, ó mọ̀wé. Ó ń gbàdúrà. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dáa. Kí ni kí n tún wò?"

"Ṣé ó ń bá ọ ṣeré?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ṣé ó ń bá ọ ṣeré."

Ó wò mí bóyá ibà ló ń ṣe mí. Nítorí n kò mọ bí n ṣe lè ṣàlàyé, mo gbé àpò ìwé náà fún un. Ó lọ jókòó sórí ibùsùn ìyá rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Mo ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dákẹ́, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi dòdò, ó pariwo. Lẹ́yìn náà, ó kà á dé ìparí. Ó jáde wá bá mi ní pálọ̀, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì, èyí ò ní èsì."

"Mo mọ̀."

"Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọ síbí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ti pẹ́ jù, sà." Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni. Kò pa eyín dé.

Mo jókòó ní ọjọ́ kejì, mo kọ èsì. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Mo kọ nípa ìbànújẹ́ àti àbámọ̀, nípa ohun tó jẹ́ fún mi, nípa bí ilé ṣe rí láìsí i. Mo rò pé ó dára. Mo fún ọmọ mi kà. Ó kà á tán, ojú rẹ̀ pọ́n, ó nu imú, ó sì dá a padà fún mi.

"Mummy ò ní gbà á."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ kọ̀wé sí yín náà lẹ tún ṣẹ̀ níbí. Látòkè délẹ̀. Ẹ dà bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ẹ tún un kọ, sà."

Ó padà sílé ìwé. Ní ti ọkùnrin yẹn, ó ní òun máa kọ kúẹ́rì sí i wò. N kò tíì gbọ́ bó ṣe fèsì.

Mo ti tún un kọ. Mo wá ìdérí ìgò tàdáwà náà títí mo fi rí i nínú agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀, mo sì fi tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo kọ nìyí.

"Mo gba ìwé yín ní ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Mo jẹ̀bi. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí ikú bá gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá yẹn, á mọ̀ pé a wà nílé. Mo ti wá rí i pé ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti ipò ọkọ, mo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kankan kò tíì wá gbà á. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mo ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, eyín méjì-méjì, apá òsì. Ọmọ yín lè jẹ́rìí.

"Ọ́fíìsì tèmi náà ti ṣàkíyèsí pé ní òwúrọ̀ Thursday kan, o fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba àyè, láìfa iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àti pé láti ìgbà náà a kò rí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Jọ̀wọ́ ṣàlàyé. N kò ní ka wákàtí sí ọ lọ́rùn. Nígbà tí mo bá dé, kí èsì rẹ wà nílẹ̀."